Ìwé Ta-Ló-Sọ àti Agogo Tí Kò Dún

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi ni Àǹtí Onítíì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí èmi àti òun ń nu ife nínú yàrá òkè tí ẹgbẹ́ onítàn àdúgbò ti ń ṣe ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni mo bi Akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sì sọ apá tirẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu níbẹ̀ láìkọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó sọ fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń pàdé, ní Sátidé àkọ́kọ́, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Yàrá náà wà lórí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀, ìkẹsàn-án sì ti yẹ̀ kúrò nípò. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ máa ń fò ó kọjá láìwo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ àlejò: ẹsẹ̀ rẹ̀ á dún gbì lórí ìkẹsàn-án, gbogbo orí á sì yí sẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ǹṣì mẹ́fà ló wà nínú yàrá, pẹ̀lú tábìlì kan fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àti tábìlì kejì lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí kẹ́tùlù, ogójì ife, ike ṣúgà àti búrẹ́dì máa ń wà. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò: ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé, ìdí tí ilé ìwé fi kúrò lórí òkè, ẹni tó gbin igi mẹ́rin tó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ igi mẹ́rin yẹn di ariwo lọ́dún kan débi pé oníbàtà ìsàlẹ̀ fi òòlù rẹ̀ gbá àjà láti bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, wọ́n á mu tíì, ìdí tíì yẹn sì ni ìtàn gan-an ti máa ń jáde. Alága máa ń sọ pé èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń wá gbọ́ ìtàn, ogójì ló ń wá mu tíì, pé ẹsẹ̀ gìrìgìrì kì í wọ́n nílé àǹjọ̀fẹ́.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán ilẹ̀ àti ọ̀nà odò. Òun ló dá ìwé ńlá kan sílẹ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Ta-Ló-Sọ. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó sọ ọ́, àti ẹni tó sọ fún ẹni tó sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá dìde tó ní “wọ́n ní,” Alága á gbọ́wọ́ sókè.

“Wọ́n-ní kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ta ló sọ fún yín?”

Bí ẹni náà bá lè dáhùn, Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, á jókòó, á sì mu tíì rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn.

Òfin méjì ló de ìwé náà. Ohun tí ẹni márùn-ún bá ti sọ, ẹgbẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí ni òfin àkọ́kọ́. Èkejì ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣojú rẹ̀ kò nílò ẹlòmíì. Kó dìde, kó sọ ohun tó rí, kí méjì nínú àwọn tó gbọ́ ọ sì fọwọ́ sí i lábẹ́. Wọn kì í sábà lo òfin kejì yìí, nítorí pé àwọn tí nǹkan àtijọ́ ṣojú wọn ti ń tán lọ.

Ọdún kọkànlá nìyí tí Àǹtí Onítíì ti ń se tíì fún wọn. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ rẹ̀, òun ló kan àwọn bẹ́ǹṣì, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìyàwó. Orí tábìlì tíì ni ìwé Ta-Ló-Sọ máa ń wà, nítorí pé ẹ̀bá fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Àǹtí fi ń gbé e kúrò, tó ń nu abẹ́ rẹ̀, tó ń gbé e padà, láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò mọ̀wé kà. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà, níbi tí èmi àti òun ti pàdé. Ó máa ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ka ara páálí ṣúgà. Ó ka ara páálí tíì. Ó ka ìkìlọ̀ tó wà lẹ́yìn sítóòfù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù sítóòfù tó ti ń tàn láti ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí kò ku ohun kan lórí tábìlì tí kò tíì kà, ó ṣí ìwé ńlá náà.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló bá pàdé nínú rẹ̀.

Kí n sọ bí ó ṣe jẹ́. Ní ọdún mọ́kànléláàádọ́ta sẹ́yìn, odò kún, ó sì ya wọ òpópónà ìsàlẹ̀ ní kùtù òwúrọ̀. Ilé ìlagi kan wà létí odò nígbà náà, agogo ńlá kan sì wà lórí òpó níbẹ̀ tí wọ́n ń fi okùn fà. Alágogo ló ń fà á nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí. Bí omi bá sì kọjá àmì funfun tí wọ́n kùn sára ògiri, kó fà á láìdáwọ́ dúró títí gbogbo ìsàlẹ̀ á fi jí. Lọ́jọ́ náà, omi kọjá àmì. Agogo kò dún. Ilé mọ́kànlá wó lọ. Ẹnì kan kú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó padà wọ inú ìsọ̀ alágbàfọ̀ láti kó aṣọ oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn ló wá jogún ìsọ̀ náà. Òun ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Bàbá Alágbàfọ̀, bẹ́ǹṣì iwájú ló sì máa ń jókòó sí. Ilé ìlagi kò ṣí mọ́ lẹ́yìn omíyalé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri.

Ohun tó wà nínú ìwé Ta-Ló-Sọ ni pé alágogo mutí yó, ó sì sùn lọ. Ẹni mẹ́sàn-án ló sọ ọ́. Ẹgbẹ́ sì ti ń múra láti tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí òpópónà ìsàlẹ̀, tí àwọn ilé ìwé máa gbà fún àwọn ọmọ. Ojú ewé kejìlá ni omíyalé wà. Òpin oṣù ni ìwé náà máa lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé.

Alágogo yẹn ni bàbá Àǹtí Onítíì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn omíyalé ni bàbá náà ti kó aya àti ọmọ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ọmọ náà fi padà wá sí àdúgbò, ìyàwó ilé ni, orúkọ ọkọ ló ń jẹ́. Ó mọ̀ dájú pé bàbá òun kò fẹnu kan ọtí rí láyé. Òórùn rẹ̀ lásán máa ń fẹ́ mú un bì. Ohun kan ṣoṣo ni Àǹtí fẹ́: kí àwọn ọmọ ọmọ òun má lọ ka ìwé nílé ìwé kí wọ́n sì rí i pé ọ̀mùtí ni bàbá ńlá wọn.

Nítorí pé kò lè yára kà, kò sí ibi tó fò. Ó ka ọ̀nà kẹrin ojú ewé, èyí tí àwọn tó mọ̀wé dáadáa kì í wò. Aṣerunlóge ló sọ̀rọ̀ náà gbẹ̀yìn, ó ní awakọ̀ ló sọ fún òun. Àǹtí wá awakọ̀ rí, ní ojú ewé mẹ́fà ṣáájú. Awakọ̀ ní télọ̀ ló sọ fún òun. Télọ̀ ní apẹran. Apẹran ní òun gbọ́ ọ nínú yàrá yìí nídìí tíì. Oṣù mẹ́ta ló fi ń fi ìka tẹ̀ lé wọn, nígbà tí omi tíì bá ń hó.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó fi aṣọ ìnuwọ́ wé ìwé náà, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé níbi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni Akọ̀wé. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń di ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín gọ́ọ̀mù àti ìwé tí wọ́n tò jọ dé àjà. Ó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ẹ̀yìn ìwé kan nígbà tí Àǹtí wọlé.

“Ẹ káàsán, Àǹtí. Ṣé kò sí o? Ẹ̀yin lẹ gbẹ́sẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lónìí.”

“Kò sí. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi wò.” Ó tú aṣọ ìnuwọ́ náà.

Akọ̀wé wo ìwé, ó wo ẹnu ọ̀nà. “Ẹ gbé Ta-Ló-Sọ jáde? Alága á tì yín mọ́lé.”

“Tó bá tì mí mọ́lé, ta lá se tíì rẹ̀?”

“Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Kí ló wà níbẹ̀, mà?”

“Ka ti alágogo fún mi. Mo ti kà á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mo kà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.”

Akọ̀wé fa bébà kan yọ, ó mú pẹ́ńsùlù. Bó ṣe ń kà, ó ń fa ìlà láti orí ẹnì kan sí èkejì, láti aṣerunlóge sí awakọ̀, láti awakọ̀ sí télọ̀. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ẹnì kẹfà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ìlà náà parí sí ibì kan, lórí ọ̀rọ̀ kan tí akọ̀wé àtijọ́ kọ ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn: Alága ní bóyá ọtí ló dì í lójú. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ẹni tó sọ fún Alága, ìlà kékeré kan ṣoṣo ló wà.

“Àǹtí. Ẹnu kan ni gbogbo èyí.”

“Ohun tí èmi náà rí nìyẹn.”

“Ẹnu kan, etí mẹ́jọ. Etí la ń kà, a rò pé ẹnu la ń kà.” Akọ̀wé ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀. “Alága ò sì sí ládùúgbò nígbà omíyalé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló dé. Àwa fúnra wa la bu tíì fún ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi sanra.”

“Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la máa ṣe sí i?”

“Màá gbé e dìde ní Sátidé. Wọ́n á yọ ọtí kúrò. A óò kọ ọ́ pé a kò mọ ìdí tí agogo kò fi dún. Ó tán.”

Àǹtí ń ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. “Èmi mọ̀ ọ́n,” ló sọ.

“Ta ló sọ fún yín?” Akọ̀wé bi í bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Kò bi í ní ìdí tí agogo kò fi dún. Ẹni tó sọ ló bi í. Àǹtí gbé ìwé rẹ̀, ó ní ó di Sátidé.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Ó ń fi bébà oníyanrìn dán ẹsẹ̀ àga kan, kò sì dáwọ́ dúró.

“Ìyá wọn, o ti rí ohun tí o fẹ́. Wọn ò ní pè é ní ọ̀mùtí mọ́. Jẹ́ kó wà ní a-kò-mọ̀.”

“Mo gbọ́.”

“A-kò-mọ̀ ò pa ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ti bá ọ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, o tún ń wá abẹ́rẹ́ tí wàá fi tú ojú egbò.”

“Mi ò wá abẹ́rẹ́, Bàbá wọn. Ohun tí bàbá mi sọ ni mò ń rò.”

Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ni pé: bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ìdí tí agogo kò fi dún, sọ ọ́ bó ṣe rí, má fi nǹkan kan pa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bi ọ́, má gbé e kiri.

“Ìgbà wo ló sọ ọ́?” ọkọ rẹ̀ bi í.

“Ṣé kì í ṣe ọdún yẹn náà ni?”

“Ẹnì kan ti wá bi ọ́ rí?”

“Rárá.”

“Kò sì ní sí. Ta ló ń bi onítíì ní ìtàn? Ṣúgà ni wọ́n ń bi ọ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí ẹsẹ̀ àga. “Ti Alágbàfọ̀ ńkọ́?”

Nínú gbogbo ẹgbẹ́, Bàbá Alágbàfọ̀ ni ọ̀rẹ́ Àǹtí. Tirẹ̀ ni ife àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ṣúgà méjì, kí ó má pọ̀ ní mílíìkì. Ìyàwó ló máa ń pè é láti fi dápàárá. Òun ló ń bá a fọ aṣọ orí tábìlì tíì, tó ń lọ̀ ọ́ títí tó fi le bíi páálí. Bí wọ́n bá ti mẹ́nu kan omíyalé, ohun kan náà ló máa ń sọ: “Ọtí ló pa àbúrò mi, kì í ṣe èèyàn. Kí lo máa bá ọtí ṣe? O lè fọ́ ìgò rẹ̀. Ìwọ náà lo tún máa gbá a.” Á wá na ife rẹ̀ sí Àǹtí kó bu sí i. Ohùn rẹ̀ kì í le tó bá ń sọ ọ́. Ó ti bá ìgò parí ìjà.

Ní Sátidé, èèyàn méjìdínlógójì ló wá. Akọ̀wé lẹ bébà rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì fi ìka tọ àwọn ìlà náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣerunlóge wo awakọ̀, awakọ̀ wo télọ̀.

“Má wò mí,” télọ̀ sọ. “Èmi náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni.”

Ẹ̀rín sọ. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún fi í sójú, ó sún mọ́ bébà náà títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Ọmọ tó bá kọ wọ́n-ní sínú ìdánwò, òdo ni mo máa ń fún un,” ló sọ. “Èmi yìí ni mo bí Wọ́n-ní kan sínú yàrá yìí, tí mo sì sọ fún gbogbo yín pé kò ní bàbá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Nídìí tíì ni, ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi pa yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé a kò mọ̀.”

Akọ̀wé fa ìlà pupa gba orí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àǹtí Onítíì rí i láti ẹ̀bá fèrèsé. Ó ní ara òun fúyẹ́ nígbà náà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ohun tó fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé kẹ́tùlù, nítorí pé àkókò tíì ti tó.

“Ẹ dúró ná.” Bàbá Alágbàfọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó sì kọjú sí gbogbo yàrá. “Ẹ ti gba ọtí lọ́wọ́ mi. Kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?”

“Ọ̀rẹ́ mi, a ní a kò mọ̀,” Alága sọ.

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá nìyí tí mo ti ń bínú sí ìgò. Tí kì í bá ṣe ìgò, èèyàn ni. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó dákẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ni mò ń bi. Kí ló dé tí agogo kò fi dún?”

Ó wo bẹ́ǹṣì kìíní, ó wo ìkejì, títí dé ìkẹfà. Lẹ́yìn bẹ́ǹṣì kẹfà, tábìlì tíì ló kù. Bóyá ife rẹ̀ ló ń wò.

“Àbí ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìyàwó?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, nítorí pé Àǹtí kò dá sí ìtàn rí. Ó gbé kẹ́tùlù padà sórí sítóòfù.

“Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n.”

“Ta ló sọ fún yín?” Alága bi í.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èjìká rẹ̀ ni mo wà.”

Akọ̀wé ti mú bírò. Àǹtí kò kúrò níbi tó wà. Ó di etí tábìlì mú, ó sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́, ó ń ya èyí tó rí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbọ́.

“Alágogo ni bàbá mi. Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ náà. Ibà ń ṣe mí, ẹsẹ̀ mi kò gbà mí dúró. Ìyá mi ti lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀, èmi nìkan ló wà nínú yàrá wa. Yàrá yẹn wà lẹ́yìn ilé ìlagi, ó rẹlẹ̀ sí omi ju ibi agogo lọ. Bàbá mi sọ fún mi pé òun wà nídìí agogo nígbà tí omi dé àmì, pé òun ti di okùn mú. Ẹ kọ ìyẹn sí abẹ́ orúkọ tirẹ̀. Èyí tí mo rí ni pé ilẹ̀kùn ṣí, omi sì tẹ̀ lé e wọlé, ó dé orúnkún rẹ̀. Ó gbé mi sí èjìká. Ó gbé mi gun òkè. Nígbà tó sọ̀ mí kalẹ̀ tó yíjú padà, òpó agogo ti wó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Kò mutí. Èmi ló kọ́kọ́ wá gbé.”

Nísàlẹ̀, oníbàtà ń kan ìṣó.

“Ó di okùn mú,” Bàbá Alágbàfọ̀ sọ.

“Ó sọ fún mi pé òun dì í mú.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ká ní ó fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré, à bá ti gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ò gba àkókò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Kò gba àkókò.”

“Ó sì mọ̀.”

“Ó mọ̀. Títí tó fi kú, kò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.”

Bàbá Alágbàfọ̀ jókòó. Akọ̀wé kọ̀wé títí ó fi parí, ó sì ka ohun tó kọ sókè. Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ku kí ẹni méjì fọwọ́ sí i. Alága bọ́ síwájú, ó fọwọ́ sí i. Ó na bírò sí àwọn yòókù. Aṣerunlóge ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Télọ̀ rántí pé òun kò mú awò ojú wá. Ẹni tó bá gba bírò yẹn, ojú Bàbá Alágbàfọ̀ ló máa ti fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é. Bí kò bá sì sí ẹnì kejì, a-kò-mọ̀ ló máa wà ní ojú ewé kejìlá.

Àǹtí kò mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó bu tíì. Ó fi ṣúgà méjì sínú ife àkọ́kọ́, ó fi mílíìkì díẹ̀ sí i, ó sì gbé e sí etí tábìlì, níbi tó máa ń gbé e sí.

Bàbá Alágbàfọ̀ dìde. Ó wá sí ìdí tábìlì tíì. Kò wo ife, kò sì wo Àǹtí. Ó na ọwọ́ sí Alága, ọwọ́ tí ọṣẹ àti omi gbígbóná ti bó láti àádọ́ta ọdún, ó sì gba bírò. Ó ka ohun tí Akọ̀wé kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

“Ẹ ti kọ ọjọ́ orí ọmọ tó gbé,” ló sọ fún Akọ̀wé. “Ọdún méje. Ẹ kọ ti àbúrò mi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún.”

“Màá kọ ọ́, sà.”

“Kọ ọ́ kí n rí i.”

Akọ̀wé gba bírò, ó kọ ọ́. Bàbá Alágbàfọ̀ rí i. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n,” Àǹtí sọ. “Tíì yín.”

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó dún gbì lórí ìkẹsàn-án, bí ẹsẹ̀ àlejò. Àǹtí lọ sí fèrèsé. Ó rí i tó jáde níwájú ìsọ̀ oníbàtà, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà òpópónà ìsàlẹ̀ lọ. Àǹtí ń wò ó títí tó fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Kò bojú wẹ̀yìn.